Àwọn Mẹ́ta Tí Òjò Dá Dúró

Kùdírátù kọ́ ló kó o wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti ka ìtàn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ méjì mẹ́ta rí ti fura bẹ́ẹ̀ kó tó di pé wọ́n sọ ọ́ fún yín, ẹ ò sì ṣìnà: ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ nàka sí, pàápàá tó bá jẹ́ ọmọ oko, tó sì jẹ́ òun ló ń fọ ìlédìí, kì í sábà jẹ́ òun. Ṣùgbọ́n àwọn òbí tó kóra jọ sẹ́nu géètì Ilé Ọmọ Àlùbáríkà ní àdúgbò Basin ní Ìlọrin láàárọ̀ ọjọ́ Àtìní yẹn ò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́ọ̀sáàpù ni wọ́n ń kà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò le láti sọ. Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mẹ́ta nínú kírẹ́ẹ̀ṣì náà lé ròrò wẹ́wẹ́ olómi láti àyà dé ojú. Ara wọn gbóná, wọ́n ń họra bí ẹni tó bá ìjàlọ sùn. Dókítà wò wọ́n, ó ní ṣíkìnpọ́ọ̀sì ni, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ìgbóná. Hajia Sakinah tó ni ilé náà sì ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí ọmọlúwàbí ṣe. Ó ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sílé títí gbogbo ìléròrò náà á fi gbẹ, tí èépá á fi bò ó. Ó sá ẹní sóòrùn, ó se táwẹ́ẹ̀lì nínú omi híhó, ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ife tirẹ̀. Ìyẹn ò tó àwọn òbí. Orúkọ ni wọ́n ń fẹ́.

Orúkọ tó sì wà nítòsí ni ti Kùdírátù, ọmọge tó ń wẹ àwọn ọmọ. Abúlé ni wọ́n bí i sí, lẹ́yìn ìlú, abúlé náà ló sì ti lọ ṣọdún Iléyá. Ìyá Abdulwaris, tí ọmọ rẹ̀ wà nínú àwọn mẹ́ta náà, sọ níwájú gbogbo èèyàn pé òun ò bá ẹnikẹ́ni jà o, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ibi tí irú àrùn báyìí ń gbé. Àwọn yòókù mirí. Hajia wo Kùdírátù, ó wo àwọn tó ń san owó ilé-ìwé, ó sì sọ fún ọmọ náà pé kó máa lọ sílé ná. Tí wọn ò bá rí ẹni tó kó àrùn náà wá títí Jímọ̀, kó má padà wá mọ́.

Kùdírátù ò sunkún. Ó kàn ń ká etí híjáàbù rẹ̀ mọ́ ìka. Ó mọ ohun tí gbogbo wọn mọ̀: nínú Ìlọrin yìí, olùtọ́jú ọmọ tí wọ́n bá fi ọ̀ràn àrùn lé jáde, kò sí ìyá tó tún máa gbé ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́ mọ́.

Ìgbà yẹn ni Alhaji Ọ̀ṣẹ́nì Àlàó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́.

Kò sẹ́ni tó pè é. Ó ti pẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ni kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu rẹ̀. Títí dòní, tí ewúrẹ́ bá sọnù ládùúgbò, á wọ jígí dúdú kó tó jáde lọ wá a. Gbogbo Basin ló ń pè é ní Bàbá Sí-áí-dì, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń pè é bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Yàtọ̀ sí èyí, ó ní ẹ̀tọ́ láti wà níbẹ̀. Zahrah, ọmọ Màríámù ọmọ rẹ̀, ló ṣìkejì nínú àwọn mẹ́ta tí ara wọn ò yá.

Ó gbọ́ ẹjọ́ náà tán lórí ìdúró, ó fi ọwọ́ tẹ ìhà òsì rẹ̀ díẹ̀. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ibẹ̀ ti ń ta á bí ẹni tí wọ́n fi ata rodo pa lára. Sítáàṣì ló kà á sí. Ó ti pe alágbàfọ̀ rẹ̀, ó ti fún un ní ìbáwí tó kún, alágbàfọ̀ sì ti tọrọ àforíjì fún ohun tí kò ṣe, gẹ́gẹ́ bí àwọn èèyàn ṣe máa ń ṣe níwájú Alhaji.

Ó ní, "Hajia, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí ṣì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ẹ pe gbogbo òbí jọ síbí. Ẹni tó kó o wá, èmi fúnra mi ni màá mú un wá síwájú yín, á sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Kùdírátù lójú gbogbo ayé."

"Bàbá, tẹ́ ò bá wá rí i ńkọ́?" Hajia bi í.

Alhaji bọ́ jígí rẹ̀, ó bi í bóyá ó ti gbọ́ ìtàn ẹ̀rọ ìlọta Ọ̀fà Garage rí. Gbogbo wọn ló ti gbọ́ ọ. Ó tún sọ ọ́. Ní ìgbà tó wà ní sájẹ́ǹtì, wọ́n jí ẹ̀rọ ìlọta obìnrin kan gbé ní Ọ̀fà Garage. Gbogbo awakọ̀ tó wà níbẹ̀ wá a, wọn ò rí i. Ọ̀ṣẹ́nì ló rí i, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọkùnrin tó ń fi tọ́ọ̀ṣì bá wọn wá a káàkiri láti àárọ̀. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni ẹ̀rọ náà ń tóbi sí i. Láàárọ̀ yẹn ní Basin, ó ti tó ẹ́ńjìnnì tírélà.

*

Inú ọ́fíìsì Hajia ló ti kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá Kùdírátù lẹ́nu wò. Ó jókòó sórí àga Hajia, Hajia fúnra rẹ̀ sì dúró bí kọ́ńsítébù níwájú ọ̀gá.

"O ti ṣe ìgbóná rí?"

"Mo ti ṣe é, Bàbá. Kékeré ni mo wà." Ó gbé etí híjáàbù rẹ̀ sókè díẹ̀. Ojú àpá méjì wà níwájú orí rẹ̀, ó jìn wọnú bí ibi tí òjò ti kán sórí iyanrìn.

"Nígbà ọdún, ta ni ara rẹ̀ ò yá lábúlé?"

"Àgbò bàbá mi nìkan ni, Bàbá."

"Kí ló ṣe é?"

"Iléyá ni."

Hajia yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Alhaji tẹjú mọ́ ọmọ náà, kò rí ẹ̀rín kankan lójú rẹ̀, ó sì pinnu pé òótọ́ inú ni. Ó wá ṣàlàyé fún Hajia, bí olùkọ́ ṣe ń ṣàlàyé fún ẹni tó san owó. Ẹni tó bá ti ṣe ìgbóná rí, kì í sábà ṣe é mọ́. Kùdírátù ò ṣàìsàn, ẹnikẹ́ni ò ṣàìsàn níbi tó lọ, kò sì sí bí èèyàn ṣe ń kó ohun tí kò sí níbì kan wá láti ibẹ̀. Ó mú Kùdírátù kúrò nínú ẹjọ́ ní bí ìṣẹ́jú téèyàn fi ń mu ife tíì kan. Ẹ má fojú kékeré wò ó nítorí pé ó fẹ́ràn ara rẹ̀; ọpọlọ rẹ̀ ṣì mú.

Ó bi Kùdírátù bóyá àwọn ọmọ mẹ́ta náà jọ máa ń ṣeré. Ó ní rárá. Abdulwaris ṣì ń rákò, yàrá àwọn tó ń rákò ló ń wà. Zahrah wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń rìn tàgé-tàgé. Hadiza ló dàgbà jù, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti ń kọ́ ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní orin. Wọn kì í jọ jẹun, wọn kì í jọ sùn.

Alhaji fi ìka kan orí tábìlì. "Tí ọmọ kan bá kó o ran èkejì, èkejì á tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó lé ròrò. Àwọn yìí yọ papọ̀. Wọn ò kó o ran ara wọn nìyẹn. Ọjọ́ kan náà, ibì kan náà ni wọ́n ti kó o. Ọwọ́ kan ló kan àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Hajia ò lè ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yà lẹ́nu.

"Kùdírátù, ọwọ́ ta ló máa ń kan gbogbo wọn?"

Ọmọge náà rò ó. "Ọwọ́ tèmi, Bàbá. Ọwọ́ Hajia. Àti ọwọ́ àwọn tó ń wá gbé wọn lọ sílé."

Alhaji ní kó fi àwọn tó ń wá gbé wọn sílẹ̀, torí kálukú ọmọ tirẹ̀ ló ń wá gbé. Kùdírátù ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó sì wo ilẹ̀.

*

Ọjọ́ kejì, ó lọ sílé Ìyá Abdulwaris. Ìlànà rẹ̀ ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ pariwo, ilé rẹ̀ ni kéèyàn kọ́kọ́ lọ wò.

Ilé tó ń dán ni, débi pé Alhaji rí jígí rẹ̀ nínú táìlì ilẹ̀. Obìnrin náà gbé ìgò kóòkì tútù àti súyà síwájú rẹ̀, ó sì sọ fún un, láìjẹ́ pé ó bèèrè, pé kò sí àrùn nílé òun rí. Bí ó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ẹ̀gbọ́n Abdulwaris, ọmọbìnrin kan tó ti ń lọ sí puráímárì, kọjá ní pálọ̀. Pọ́dà funfun bo ọrùn rẹ̀ pátápátá bí ìyẹ̀fun ṣe ń bo ọwọ́ oníbúrẹ́dì. Ìyá rẹ̀ ní kó tètè wọlé. Ó sọ ọ́ kíákíá jù.

Alhaji ò jẹ́ kó wọlé. Ó pe ọmọ náà mọ́ra bí ẹni fẹ́ fún un ní súyà, ó sì fi áńkáṣíìfù nu ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Pọ́dà kúrò. Abẹ́ rẹ̀ pọ́n, ohun wẹ́wẹ́ sì sú síbẹ̀.

"Hajia Ìyá Abdulwaris," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà tó bá ká wọn mọ́, "kí nìyí?"

"Ooru ni, Bàbá."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi pa á mọ́?"

Ojú ti obìnrin náà. Ó ní láti ìgbà tí òun ti gbé ẹnu sókè ní géètì ni òun ti ń bẹ̀rù pé kí ẹnikẹ́ni rí ohunkóhun lára ọmọ òun. Alhaji tún un wò dáadáa. Kò sí omi nínú rẹ̀, kò dà bí ti Zahrah. Ooru ni lóòótọ́. Alhaji mọ ooru. Irú rẹ̀ ló yọ sí òun náà ní ìhà, tí sítáàṣì sì bà jẹ́ sí i. Ó gba obìnrin náà níyànjú pé pọ́dà kì í wo ooru, afẹ́fẹ́ ló ń wò ó. Ó jẹ súyà tó kù tán, ó sì jáde pẹ̀lú ìtìjú tí ẹnì kan ò rí.

*

Ní ọ̀sán Àlàrùbá, ó gba Ọjà-Ọba lọ sí agboolé wọn. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ẹjọ́ kan bá há a lọ́fun. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ máa ń mu sìgá. Òun, ilé àwọn bàbá rẹ̀ ló ń lọ wò.

Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tó kù níbẹ̀ fún wíwò. Páànù ti rọ́pò koríko láti ayébáyé, bùlọ́ọ̀kù sì ti jẹ ìdajì àgbàlá. Ibi tí àáfà wọn máa ń jókòó sí, tí ìró kéú wọn fi ń ga ju ti ọjà lọ, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìbòrí fóònù ló wà níbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n yàrá Ìyá-Ńlá, ìyá bàbá rẹ̀, ṣì dúró. Ó leè fi imú mọ̀ ọ́n pẹ̀lú ojú dídì: irú tàdáwà, èéfín igi, àti ewé dóńgóyárò tí wọ́n sè.

Nínú yàrá yẹn ni òun àti Yísà, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, ti ṣe ìgbóná. Ìyá-Ńlá tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù sílẹ̀, ó tẹ́ wọn lé e ní ìhòòhò. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló ń fi omi dóńgóyárò wẹ̀ wọ́n, á sì tutọ́ àdúà sí wọn lára. Fùrá tútù ni oúnjẹ wọn. Tí Yísà bá ń sunkún, Ìyá-Ńlá á ní kó dákẹ́, pé àlejò ni ara rẹ̀ gbà, àlejò kì í pẹ́ kó tó lọ. Ohun tó wá yani lẹ́nu níbẹ̀, tí Alhaji ò rò rí títí di ọ̀sán yẹn, ni pé àwọn ìyá yòókù nínú agboolé mọ̀ọ́mọ̀ gbé àwọn ọmọ wọn wá. Wọ́n ní kí wọ́n kúkú ṣe é papọ̀ kí wọ́n ṣe é tán. Ní òpin rẹ̀, bí ọmọ mẹ́jọ ló wà lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń họra, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ka èépá ara wọn bí ẹni ń ka owó. Kò sẹ́ni tó bèèrè ọmọ tó kọ́kọ́ ní in. Orúkọ ẹnikẹ́ni ò bà jẹ́.

Ojú rẹ̀ rin díẹ̀. Ó wọ jígí.

Àfi bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Òjò òjijì ni, irú èyí tó máa ń lu páànù bí ẹni ń da àgbàdo sí i. Àwọn èèyàn sá kiri. Lábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí i, alábàrù kan, àáfà arúgbó kan àti ìyàwó ilé kan tó gbé adìẹ lọ́wọ́ fún ara wọn pọ̀ bí ọmọ ìyá. Wọn ò mọ ara wọn rí. Òjò ló kó wọn jọ.

Alhaji wo àwọn àjèjì mẹ́ta náà, ó sì rántí òjò mìíràn. Ó yọ fóònù.

"Hajia, Jímọ̀ kan wà lẹ́yìn Iléyá, bí ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn ọmọ yìí tó lé ròrò, tí òjò ńlá rọ̀. Àwọn ọmọ wo ni àwọn òbí wọn ò tètè rí ọ̀nà wá gbé?"

Hajia ronú. Ó ní gbogbo wọn ló ti lọ kí òjò tó dé, àfi àwọn mẹ́ta. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn. Alhaji gbọ́ bó ṣe mí sínú.

"Bàbá," ó ní, "àwọn mẹ́ta yẹn náà ni."

*

Alhaji mọ Jímọ̀ náà bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀.

Màríámù ló rán an kó lọ bá òun gbé Zahrah. Òjò ká a mọ́ fàráńdà kírẹ́ẹ̀ṣì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bá níbẹ̀, àárá ń sán, wọ́n ń ké. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó kó wọn mọ́ra, ó sì ṣe ohun tí Ìyá-Ńlá máa ń ṣe. Ó ka Fáátíà, ó ka Kúlíúwàláhù, ó fẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́. Ìhà rẹ̀ ń ta á lọ́jọ́ yẹn ju ti àná rẹ̀ lọ, nítorí náà ó kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ abẹ́ jàlàbíà, ó fi pa ibẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n àdúà kì í ṣe ohun téèyàn ń dá jẹ. Èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi pa ojú Zahrah, ó fi pa orí Abdulwaris, ó fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ Hadiza, ó sì tún un ṣe títí ẹkún fi tán. Ó ṣì ń yangàn nípa rẹ̀. Àwọn ọmọ òde òní, tábúlẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Òun, Kùránì ló fi rẹ̀ wọ́n lẹ́kún.

Ó wá wo ọ̀rọ̀ náà láti ojú ọlọ́pàá. Àlejò kankan ò wọlé lọ́jọ́ náà. Òun gan-an ni ẹlẹ́rìí, kò sì mọ ẹlẹ́rìí tó dára ju òun lọ. Hajia ń kírun nínú ilé. Kùdírátù ti lọ bá ọlọ́kadà wá aṣọ òjò. Kí ló wá kan àwọn mẹ́ta náà, tí kò kan ẹlòmíràn?

Wàrà. Ó rántí. Nígbà tí òjò dá, ó ra wàrà lọ́wọ́ Lami tó ń tà lẹ́nu géètì, Lami sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ já a sí wẹ́wẹ́ fún àwọn ọmọ náà, ó tún fi ìdí ìró rẹ̀ nu ẹnu wọn.

Láàárọ̀ Àlàmísì, ó wà níwájú igbá Lami. Obìnrin náà ti gbọ́ pé ẹjọ́ kan ń bẹ nílẹ̀, ó sì ń fi ìbẹ̀rù bo igbá rẹ̀. Alhaji bi í nípa ọmọ rẹ̀, nípa aládùúgbò rẹ̀, nípa àwọn tó ń ta mílíìkì fún un. Ó ní gbogbo wọn wà ní àlàáfíà. Alhaji ní ohun tí ẹlẹ́ṣẹ̀ máa ń sọ nìyẹn.

"Bàbá, ẹ̀yin náà jẹ nínú wàrà ọjọ́ yẹn. Ẹ tilẹ̀ ní kí n fi èyí tó jóná sí i."

"Àgbà ni mí," Alhaji dá a lóhùn. "Mo ti ṣe ìgbóná tèmi tán kí wọ́n tó bí bàbá ẹ."

Kò fẹ̀sùn kàn án níbẹ̀. Ó kàn sọ fún un pé kó wá sí kírẹ́ẹ̀ṣì lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kó má sì gbé igbá wá. Bó ṣe ń kúrò níbẹ̀, ó rí Kùdírátù lẹ́yìn wáyà géètì, tó ń sá ẹní. Ó gbé àtàǹpàkò sókè sí i. Ọmọ náà wo Lami, tó ti ń palẹ̀ igbá rẹ̀ mọ́, kò sì gbé tirẹ̀ sókè padà.

*

Ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí wọ́n tẹ̀ fún rúkúù, ìhà Alhaji ta á débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè nàró. Ó rò ó pé kò yẹ kí èèyàn tú irú àṣírí báyìí lórí ìhà tó wọ́. Nítorí náà, kó tó lọ síbi àwọn òbí, ó yà lọ́dọ̀ Yísà.

Yísà náà ni Yísà orí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ti di dókítà, ó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ṣì ń gba aláìsàn ní yàrá kékeré kan níwájú ilé rẹ̀. Òun nìkan ló kù ní Ìlọrin tó ń pe Alhaji ní Ọ̀ṣẹ́nì lásán.

Alhaji ní kó fún òun ní nǹkan fífi pa ara kíákíá, àwọn èèyàn ń retí òun. Ó wá ròyìn ẹjọ́ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: ọmọ mẹ́ta, òjò kan, wàrà, ọwọ́ kan. Yísà gbọ́ ọ pẹ̀lú sùúrù ẹni tó ti gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta Ọ̀fà Garage láti ìgbà tó ṣì jẹ́ ẹ̀rọ ìlọta.

"Bọ́ jàlàbíà ẹ."

"Ooru ni, pẹ̀lú sítáàṣì. Alágbàfọ̀ kan báyìí..."

"Mo ní kó o bọ́ ọ, Ọ̀ṣẹ́nì."

Láti ìgbà tí ìyá Màríámù ti kú, kò sẹ́ni tó wo ìhà Alhaji rí, òun náà kì í sì í wo ara rẹ̀ ju ojú lọ. Yísà tan iná sí i. Èépá ló tò lọ síbẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọdé tó já sí méjì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ó yí wá sábẹ́ ọmú òsì, kò sì kọjá àárín àyà.

"Ìgbà wo ló yọ?"

"Bí ọjọ́ méjì kí Jímọ̀ òjò yẹn tó dé."

"Ó lómi nínú nígbà náà?"

"Ó lómi díẹ̀. Mo ń ṣàdúà sí i."

Yísà pa iná. Ó jókòó. Ó bi í bóyá ó rántí yàrá Ìyá-Ńlá, Alhaji sì rẹ́rìn-ín, ó ní ìjẹta lòun dúró níwájú rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ díẹ̀: ewé tó máa ń lẹ̀ mọ́ni ní ìdí, fùrá, èyí tó jí ẹ̀pà jẹ nínú wọn tí èkejì sì jẹ́rìí èké fún un. Ara tu Alhaji débi pé ó gbàgbé ìhà.

"Ìyá-Ńlá tàn wá jẹ," Yísà ní. "Ó ní àlejò ni, á lọ. Kò lọ. Ẹni tó bá ṣe é lọ́mọdé, inú iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń sùn sí. Tó bá dàgbà, tí ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́, ó lè jí. Òun náà ló wà ní ìhà ẹ yẹn. Òyìnbó ń pè é ní ṣíńgùsì."

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: inú Alhaji kọ́kọ́ dùn. Ilé ti wó, àáfà ti kú, Ìyá-Ńlá ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, síbẹ̀ nǹkan kan láti inú yàrá yẹn ṣì ń bá òun gbé, ó ti bá òun dé Ọ̀fà Garage, ó ti bá òun fẹ̀yìn tì. Ó fọwọ́ bò ó bí ẹni fọwọ́ bo ọmọ.

Fóònù rẹ̀ dún. Hajia Sakinah ni. Ó ní gbogbo òbí ti jókòó. Kùdírátù wà níwájú, ó wọ híjáàbù tuntun. Lami ti dé, ó ń sunkún, Ìyá Abdulwaris ló sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹni tí Bàbá ní òun á mú wá síwájú wọn ni wọ́n ń retí.

Alhaji ní òun ti wà lọ́nà. Ó wọ jàlàbíà, ó wọ jígí, ó mú ọ̀pá rẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà ló tó yíjú padà, bí ẹni tó kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dágbére.

"Yísà, irú eléyìí, ṣé ó máa ń ran èèyàn?"

Yísà ń fọ ọwọ́ lọ́wọ́. Ó fi ọṣẹ sí i lẹ́ẹ̀kejì.

"Kì í ran àgbà tó ti ṣe ìgbóná tán. Ọmọdé tí kò tíì ṣe é rí, tí ọwọ́ tó kan omi rẹ̀ bá kàn án, bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó pẹ́ tán mẹ́ta, á ṣe ṣíkìnpọ́ọ̀sì."